Ẹ Bi Àǹtí Ìrìnàjò: Fẹ́rì, Ìyá Àgbà àti Erékùṣù Tó Jìnnà

Lẹ́tà àwọn tó fẹ́ kó ẹbí lọ sáwọn erékùṣù Skọ́tlándì ló pọ̀ jù lọ́wọ́ mi lóṣù yìí, inú mi sì dùn sí i gan-an torí mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn dọ́kàn. Ti Màmá Ìbejì ni màá fi ṣáájú, ìdáhùn ẹ̀ ló gùn jù, ẹ má bínú, ohun tó wà ńbẹ̀ kan gbogbo ẹni tó kù.

*Àǹtí Ìrìnàjò, ẹ kú iṣẹ́ o. Manchester là ń gbé, èmi, ọkọ mi, àwọn ìbejì wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 9, Ìdòwú wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 4, ìyá ọkọ mi náà sì ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní Júláì, wọ́n ti pé 71. Ọkọ mi ti wo máàpù tán, wọ́n ní ká gba Oban lọ sí Barra, ká gba South Uist, North Uist, Harris àti Lewis, ká wá fi Mull àti Iona kún un nígbà tá a bá ń bọ̀, gbogbo ẹ̀ láàárín ọjọ́ 6, torí a ní ìkómọ ní London lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ṣé ó máa ṣeé ṣe? Níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀? Màmá Ìbejì, Manchester.*

Màmá Ìbejì, ẹ kú ìmúra, ẹ sì kú oríire ọmọ tuntun. Ọ̀nà tí Bàbá Ìbejì là sílẹ̀ yẹn dáa, èmi náà ti rìn ín. Àmọ́ ọjọ́ 6 ò gbà á rárá. Ẹ jẹ́ ká jọ kà á. Láti Manchester dé Oban, ìyẹn ìlú èbúté tẹ́ ẹ ti máa wọ fẹ́rì, bíi wákàtí 6 nìyẹn nídìí sítíárìn, ìyẹn tẹ́ ẹ ò bá dúró jẹun, tí Ìdòwú ò sì ní kẹ́ ẹ dúró kóun tọ̀. Fẹ́rì láti Oban dé Castlebay ní Barra, díẹ̀ ló kù kó pé wákàtí 5. Ní Barra ẹ máa wọ fẹ́rì kékeré fún bíi ìṣẹ́jú 40 lọ sí Eriskay, látibẹ̀ lẹ máa wa mọ́tò gba South Uist, Benbecula àti North Uist títí dé Berneray, wọ́n ti kó òkúta sómi tó wà láàárín àwọn yẹn, wọ́n fi ṣe títì, kò sí fẹ́rì ńbẹ̀ mọ́, ti Eriskay ni wọ́n ṣe kẹ́yìn lọ́dún 2001. Tẹ́ ẹ bá dé Berneray, fẹ́rì míì, bíi wákàtí kan, lọ sí Harris. Àpáta pọ̀ lábẹ́ omi ibẹ̀ yẹn débi pé ńṣe ni ọkọ̀ máa ń yà sọ́tùn-ún yà sósì bí ẹni ń la èrò ọjà kọjá, àwọn ìbejì máa gbádùn ẹ̀, kí wọ́n dúró síwájú kí wọ́n máa wò ó. Harris àti Lewis, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n, orúkọ ló jẹ́ méjì. Láti Stornoway ní Lewis ẹ máa tún lo wákàtí méjì ààbọ̀ àti díẹ̀ lórí omi kẹ́ ẹ tó dé Ullapool, ibẹ̀ sì jìnnà sí Manchester ju Oban lọ dáadáa. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìrìnàjò yìí o, tẹ́ ẹ bá sáré ẹ̀, ọjọ́ 10. A ò sì tíì dárúkọ Mull.

Ohun tó tiẹ̀ bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín ni ìkómọ ọjọ́ Sátidé yẹn. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú wa rí. Lọ́dún tá a kọ́kọ́ lọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣègbéyàwó ní London lọ́jọ́ Sátidé, a wá gba fẹ́rì tó máa gbé wa padà lọ́jọ́bọ̀, lójú tèmi, Ẹtì gbáko ṣì wà láàárín, ó ti tó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú mẹ́sééjì wọlé sí fóònù mi pé kò ní sí ọkọ̀ lọ́la. Ẹtì náà, kò sí. Sátidé la tó kúrò lórí erékùṣù, aṣọ ẹbí mi ṣì wà nínú báàgì tí télọ̀ kó o sí, orí fóònù la ti wo ìyàwó bó ṣe ń jó wọlé, ìyá mi sunkún gan-an. Obìnrin tó ni ilé tá a dé sí ò gba owó alẹ́ kejì lọ́wọ́ wa, ó se ọbẹ̀ ẹran àgùntàn fún wa, ó ní bí òkun àwọn ṣe rí nìyẹn. Mi ò ní gbàgbé oore yẹn láé. Àmọ́ ìgbéyàwó ti lọ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tí mo lè bínú sí, afẹ́fẹ́ ni.

Ẹ má sì rò pé ojo ló ń ṣe àwọn ọ̀gá ọkọ̀. Lóru ọjọ́ ọdún tuntun 1919, ọkọ̀ Iolaire tó ń kó àwọn ọmọ ogun ojú omi bọ̀ wálé láti ogun àgbáyé kìíní kọ lu àpáta lẹ́nu ọ̀nà Stornoway gan-an, ẹni 201 ló kú, àwọn tó ti ja ogun tán, tí wọ́n ti ń rí iná ìlú wọn lọ́ọ̀ọ́kán. Ìrántí wọn wà níbẹ̀ dòní, ẹ mú àwọn ọmọ débẹ̀ tẹ́ ẹ bá dé Lewis. Torí ẹ̀, tí ọ̀gá ọkọ̀ bá ti ní àwọn ò lọ lónìí, àwọn ará ibẹ̀ kì í bá a jiyàn, wọ́n á padà sílé lọ po tíì wọn. Yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́, ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ CalMac, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń wa fẹ́rì jù lápá ibẹ̀, ti dàgbà, tí ọ̀kan bá sì yọnu wọ́n lè yọ òmíràn láti ojú ọ̀nà tiẹ̀ wá gbà á sílẹ̀. Ọkọ̀ tuntun kì í yá dé. Glen Sannox tí wọ́n ní kí wọ́n kàn lọ́dún 2015, tó yẹ kó dé ní 2018, January 2025 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò.

Torí náà ọ̀nà méjì ni mo rí fún yín. Tí ìkómọ yẹn bá jẹ́ dandan, ẹ lọ sí Mull àti Iona nìkan, kẹ́ ẹ fi ọjọ́ 6 yẹn jẹ ìgbádùn. Oban sí Craignure ní Mull ò tó wákàtí kan, ọkọ̀ tó ń lọ lóòjọ́ kì í ṣe ẹyọ kan, tí ti àárọ̀ ò bá lọ ti ọ̀sán lè lọ, kódà ọ̀nà ẹ̀yìn wà, fẹ́rì kékeré kan láti Fishnish sí Lochaline tí ò tó ogún ìṣẹ́jú. Ti Barra, ìgbà kan lóòjọ́ ló sábà máa ń lọ, tí ẹyọ yẹn bá yẹ̀ ó di ọ̀la. Láti Craignure ẹ máa wakọ̀ la Mull já dé Fionnphort, ó máa gbà ju wákàtí kan lọ torí ọ̀nà ò fẹ̀, ẹ máa gbé mọ́tò sílẹ̀ níbẹ̀ torí wọn ò gba mọ́tò àlejò ní Iona, fẹ́rì ìṣẹ́jú 10 ló kù. Iona ni Kólúḿbà gúnlẹ̀ sí láti Ireland lọ́dún 563 tó dá ilé àwọn mọ́ǹkì sílẹ̀, ibẹ̀ ni ìhìnrere ti tàn káàkiri Skọ́tlándì. Ìyá ọkọ yín tó bá jẹ́ ẹni tó máa ń gun orí òkè lọ gbàdúrà, ẹ mú wọn débẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó pẹ́. Mi ò tíì rí àgbà Yorùbá kan tó débẹ̀ tí ò dákẹ́ fúngbà díẹ̀.

Ìkejì, tó bá jẹ́ erékùṣù tó jìnnà gan-an lọkàn yín fẹ́, ẹ ṣe ìkómọ ná, kẹ́ ẹ wá lọ lẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ mú Harris àti Lewis nìkan, kẹ́ ẹ sì fi ọjọ́ méjì òfìfo sí i kí ọkọ yín tó padà síbi iṣẹ́. Ọjọ́ méjì yẹn ò ní ṣòfò. Tí ọkọ̀ bá lọ bó ṣe yẹ, ẹ lè fi wo Inverness. Barra á wà níbẹ̀ dè yín, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lọ kí àwọn ọmọ rí i bí báàlù ṣe ń balẹ̀ sórí yanrìn etíkun, torí kò sí títì ní pápákọ̀ òfurufú yẹn, ìgbà tí omi bá fà sẹ́yìn ni báàlù ń wọlé, òkun ló ń ṣe táìmù ibẹ̀.

Ní ti búùkù, mọ́tò lẹ máa kọ́kọ́ gba àyè fún, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ilé tẹ́ ẹ máa sùn. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ wọlé sábà máa ń ráyè, àyè mọ́tò nínú ọkọ̀ ló máa ń kún, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń ṣe é sódì, wọ́n á sanwó hòtẹ́ẹ̀lì tán kí wọ́n tó rí i pé kò sí fẹ́rì. Láti 2008 ni ìjọba Skọ́tlándì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe owó fẹ́rì bíi pé orí títì lẹ ti ń wa mọ́tò la omi yẹn kọjá, owó wálẹ̀, gbogbo ayé sì ń lọ. Wọ́n máa bi yín ní gígùn mọ́tò àti gíga ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé àpótí sórí ẹ̀ ẹ wọ̀n ọ́n mọ́ ọn, ẹ má fojú díwọ̀n. Ìdòwú ò ní sanwó, ìdajì ni ti àwọn ìbejì. Tẹ́ ẹ bá sì lè sún un sí ìparí Ọ́gọ́ọ̀sì ó máa dáa, àwọn ọmọ Skọ́tlándì ti máa ń padà síléèwé láàárín Ọ́gọ́ọ̀sì, tiyín ní England ò ní tíì wọlé, ojú ọ̀nà á ti fúyẹ́.

*Àǹtí, ẹ ṣeun fún iṣẹ́ yín. Ìyá mi láwọn ò wọ ọkọ̀ ojú omi láéláé, wọ́n ní ẹni tí ò mọ̀wẹ̀ kì í bá omi ṣeré. Ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀ nílé ni? Ọmọ Ìyá Ẹ̀, Leeds.*

Ẹ má tíì fi wọ́n sílẹ̀. Ìyá yín ò jẹ̀bi, ọkọ̀ ojú omi tí ọ̀pọ̀ àgbà wa mọ̀ nílé ni ọkọ̀ onípákó tí omi ń ta wọ inú ẹ̀, tí ìròyìn ẹ̀ kì í sì í dáa. Ẹ fi fọ́tò Loch Seaforth hàn wọ́n, èyí tó ń ná Ullapool sí Stornoway. Ó gba èrò 700, mọ́tò tó ń wọ ikùn ẹ̀ lé ní 100, ilé oúnjẹ wà níbẹ̀, ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò pé àgbàlagbà wà nínú mọ́tò yín, wọ́n á júwe ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí lẹ́bàá ẹ̀rọ yẹn, torí tí ọkọ̀ bá ti gbéra wọn ò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jókòó sínú mọ́tò, ẹ yáa mú súwẹ́tà àti oògùn wọn dání kẹ́ ẹ tó gòkè.

Ti òòyì ló yẹ kẹ́ ẹ múra sí. Ẹ bá oníkẹ́mísìtì sọ̀rọ̀ ṣáájú, kẹ́ ẹ mú ìwé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn dání lọ bá a, torí kì í ṣe gbogbo oògùn òòyì ló bá oògùn àgbà mu, ẹ̀ẹ́ sì lò ó kí ọkọ̀ tó gbéra, tí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀ ó ti pẹ́ jù. Ẹ jókòó sáàárín ọkọ̀, ní ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni kì í mì púpọ̀. Kí wọ́n máa wo ọ̀ọ́kán níbi tí omi àti ojú ọ̀run ti pàdé, kí wọ́n má tẹ fóònù, kí wọ́n má sì wọlé lébi. Búrẹ́dì díẹ̀ àti ata ilẹ̀ tó gbóná, ohun tó bá ìyá mi lára mu nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ mú wọn gba èyí tó kúrú, tí wọ́n bá ti dé Mull láyọ̀, àwọn fúnra wọn ló máa bi yín pé ìgbà wo lẹ tún ń lọ.

*Físà àbẹ̀wò UK làwọn òbí mi fi wá, ṣé wọ́n nílò òmíì fún Skọ́tlándì àti fún erékùṣù? Ọmọ Ẹ̀gbá, Dundee.*

Rárá o, abẹ́ UK náà ni gbogbo ẹ̀ wà, físà kan náà ni. Kí wọ́n mú páásípọ́ọ̀tù dání ṣá, nítorí hòtẹ́ẹ̀lì.

*Ẹ kú àárọ̀, Àǹtí. Mùsùlùmí ni wá, a fẹ́ lo ọjọ́ 5 ní Lewis, wọ́n sì sọ fún wa pé gbogbo ìlú ló máa ń tì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ṣé kò ní le jù fún wa? Ìyá Sọ́fíyà, Birmingham.*

Kò ní le, Ìyá Sọ́fíyà, tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ṣáájú. Àwọn ará Lewis àti Harris mú ọjọ́ ìsinmi Olúwa lóhun ńlá, kódà ọdún 2009 ni fẹ́rì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra ní Stornoway lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwọn kan sì fárí gá lórí ẹ̀ nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ kì í ṣí. Ẹ rọ pẹtiróòlù kún táǹkì ní Sátidé, ẹ ra ohun tẹ́ ẹ máa jẹ, ọjọ́ Sọ́ńdè kẹ́ ẹ lọ sí etíkun, kò sẹ́ni tó tì yẹn. Yanrìn Luskentyre ní Harris funfun débi pé tẹ́ ẹ bá fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sílé wọ́n máa rò pé ibi tó gbóná lẹ wà, àmọ́ omi ẹ̀ tutù.

Mọ́ṣáláṣí wà ní Stornoway láti 2018, àkọ́kọ́ nírú ẹ̀ láwọn erékùṣù yẹn, àwọn Mùsùlùmí sì ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó kọ́ ọ. Ohun tó máa yà yín lẹ́nu ni oòrùn. Ní Júláì ó máa ń lé láago 10 alẹ́ kí Mọ́gáríbì tó wọlé, Sùbúhì sì ti dé kẹ́ ẹ tó sùn dáadáa, ẹ ṣètò oorun Sọ́fíyà, kẹ́ ẹ mú aṣọ dúdú dání fún ojú fèrèsé. Ẹran halal, ẹ rà á ní Glasgow kẹ́ ẹ kó o sínú kúlà, ẹ má fi í sí orí ìrètí.

Ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì tẹ́ ẹ ń ka èyí, tẹ́ ẹ bá wà ní Lewis lọ́jọ́ Sọ́ńdè ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn tí wọ́n ti ń fi èdè Gaelic kọ Sáàmù. Kò sí dùùrù, kò sí ìlù. Ẹnì kan á lé ìlà kan, gbogbo ìjọ á gbà á lẹ́nu ẹ̀, kálukú á máa yí ohùn tiẹ̀ bó ṣe wù ú, gbogbo ẹ̀ á wá máa rọ́ bí ìgbì. Lílé àti ègbè ni, ohun tá a mọ̀ láti kékeré, lẹ́nu àwọn èèyàn tí ò gbọ́ Yorùbá rí. Omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

*Kí ni ká dì sẹ́rù? Ṣé a lè gbé oúnjẹ wa wọ fẹ́rì? Sisí Òṣogbo, Croydon.*

Sisí, ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Jákẹ́ẹ̀tì tí òjò ò lè wọ̀ fún kálukú, ẹ má mú agboòrùn, afẹ́fẹ́ á yí i sódì. Oúnjẹ wà nínú ọkọ̀ ńlá, ìrẹsì wa la bù sínú fíláàskì tá a jẹ nínú mọ́tò nígbà tá a ń dúró lórí ìlà ní èbúté, ibẹ̀ ló dáa jù láti jẹun, ara ò tíì mì. Ẹ gbé ata, gààrí, ẹja gbígbẹ àti Maggi láti ilé, ilé tó ní ilé ìdáná ni kẹ́ ẹ gbà dípò hòtẹ́ẹ̀lì, owó á dúró lára. Kòkòrò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ midge, ó kéré ju ẹ̀fọn lọ dáadáa, òwọ́ ló máa ń rìn, ó máa ń já ni jẹ nírọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ ò bá fẹ́. Kì í fa ibà, àmọ́ ó máa jẹ́ kéèyàn họra títí ilẹ̀ á fi mọ́. Oògùn ẹ̀ wà ní gbogbo kẹ́mísìtì Oban. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa wakọ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀nà ibẹ̀ ò gbà ju mọ́tò kan lọ, wọ́n fẹ àwọn ibì kan láti yà sí, tó bá wà lápá òsì yín ẹ yà sí i, tó bá wà lọ́tùn-ún ẹ dúró sí ọ̀kánkán ẹ̀ kẹ́ni tó ń bọ̀ yà, kẹ́ ẹ juwọ́ sí i. Wọ́n máa ń juwọ́ gan-an. Àgùntàn sì máa ń sùn sójú títì.

*Mo gbọ́ pé St Kilda ló jìnnà jù, mo fẹ́ gbé ìyàwó mi àti ọmọ wa ọmọ ọdún 3 lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú, Bristol.*

Ẹ má gbé ọmọ ọdún 3 lọ síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Kò sí fẹ́rì tó ń lọ sí St Kilda, ọkọ̀ kékeré tó ń yára ló ń lọ láti Harris tàbí Skye nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wákàtí mélòó kan lórí agbami òkun tí ò ní ibi ìfarapamọ́, ẹ sì tún máa padà lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ẹni 36 tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ làwọn fúnra wọn kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n kó àwọn kúrò, ọjọ́ 29 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 1930 ni wọ́n lọ, ilé wọn ṣì wà níbẹ̀ lófìfo. Ẹ dúró kí ọmọ dàgbà, kó lè rántí ohun tó bá rí.

*Mi ò ní mọ́tò, ọmọ méjì ni mo ní, ṣé mo lè lọ? Ìyá Méjì, Coventry.*

Ẹ lè lọ dáadáa, tiyín tiẹ̀ rọrùn ju ti onímọ́tò lọ. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Glasgow Queen Street lọ sí Oban, ó lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta, apá òsì ni kẹ́ ẹ jókòó sí torí omi. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin àti èbúté fẹ́rì ò jìnnà síra wọn rárá, àwọn ọmọ lè fa báàgì tiwọn fúnra wọn. Bọ́ọ̀sì máa ń dúró de fẹ́rì ní Craignure tó ń gbé èèyàn lọ sí Fionnphort fún Iona, àmọ́ kì í lọ léraléra, ẹ wo táìmù ti ìpadàbọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ ti àlọ.